Bí Ẹ Ṣe Lè To Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Sẹ́ńsọ̀ Bíi Ti Máàsì Yí Ìbàdàn Ká

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn fún ọdún méjì ti mọ̀ pé òjò ìlú yìí kì í rọ̀ síbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ óò wà ní Ìwó Road, ìjì á dé, àwọn ọlọ́jà á máa kó ẹrù wọlé gìrìgìrì. Ẹ pe èèyàn yín ní Ẹlẹ́yẹlé, á ní oòrùn ń ràn lórí aṣọ tí òun sá. Kò ní pẹ́ tí òun náà á fi máa sáré kó aṣọ. Ẹni tó wà ní Ìwó Road mọ̀ pé òjò rọ̀, ẹni tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ síra wọn la tó mọ̀ pé òjò náà ń rìn, ibi tó ti ń bọ̀ àti bó ṣe ń yára tó.

Ọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì (Mars) kò yàtọ̀ sí èyí. Láti ìgbà tí Viking 1, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ti balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1976, kò tíì sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Máàsì pọ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ. Odindi ayé kan, ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin! InSight, tó balẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, gbé sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan) dání, èyí tó ń ka ìfúnpá afẹ́fẹ́, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó, sẹ́ńsọ̀ náà sì mọ ìgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ààjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ààjà yìí náà ni èyí tí àwọn àgbà wa ní ó máa ń gbé èèyàn wọgbó lọ kọ́ egbòogi. Ní Máàsì, gíga rẹ̀ lè ju kìlómítà kan lọ. Bó bá ti ń kọjá, ìfúnpá afẹ́fẹ́ á lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì padà sípò. Ṣùgbọ́n ààjà kékeré tó súnmọ́ àti ààjà ńlá tó jìnnà lè fi àmì kan náà sílẹ̀ lára sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo. Bí òmíràn kò bá sí nítòsí tó rí i láti ibòmíràn, èwo ni kí èèyàn gbà gbọ́?

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lépa àtifọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kéékèèké ká orí ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà le, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ ọ níhìn-ín. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kan tí a máa ń pàdé ní Bódìjà lọ́jọọjọ́ Sátidé ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí mo máa sọ dúró lórí òfin kan: láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé àpótí sẹ́ńsọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án fún ọjọ́ 30. Ẹ kò gbọdọ̀ lọ yí i padà, ẹ kò gbọdọ̀ nu eruku ara rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ lọ wò ó pàápàá. Ẹni tó bá yọ òfin yìí kúrò ti ṣe iṣẹ́ ojú ọjọ́ lásán. Iṣẹ́ dáadáa náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ yín ní nǹkan kan nípa Máàsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ìbéèrè kan ṣoṣo. Tiwa ni pé: nígbà tí ìjì bá gba orí Ìbàdàn kọjá, láti ibo ló ti ń wá, báwo ló sì ṣe ń yára tó? Ìbéèrè yìí ló máa sọ iye àpótí, ibi tí ẹ máa gbé wọn sí, àti iye ìgbà tí wọ́n máa ka ìwọ̀n láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra sẹ́ńsọ̀ kó tó mọ ohun tó ń wá á kàn kó nọ́ńbà jọ ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é lórí òṣùpá. Àwọn tó bá Apollo 12, 14, 15 àti 16 lọ gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ kalẹ̀ síbi mẹ́rin. Ti Apollo 12 àti ti 14 kò jìnnà síra wọn ju nǹkan bí kìlómítà 180 lọ. Àwọn méjì yòókù wà ní nǹkan bí kìlómítà 1,100 síbẹ̀. Tí ẹ bá yà á sórí ìwé, ààrò mẹ́ta ni ẹ máa rí, èyí tí kì í da ọbẹ̀ nù. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ibi tí ìmìtìtì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, nípa wíwo èwo ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èwo ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977 ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ojú òṣùpá tó kọjú sí wa ni gbogbo ẹ̀rọ náà wà, nítorí náà díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ sí ti pinnu ohun tí ẹ kò ní lè mọ̀ láéláé.

Láti ìlà-oòrùn ni ìjì ńlá apá ibí yìí sábà máa ń wá, tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà ẹ tẹ́ àpótí yín ká láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn wà lórí ìlà kan. Àpótí mẹ́ta tí wọn kò tò sórí ìlà kan ni ó kéré jù tí ẹ fi lè mọ ọ̀nà tí ìjì gbà. A lo márùn-ún, torí pé a mọ̀ pé àwọn kan máa kú: Ìwó Road, Bódìjà, Òkè Ààrẹ, Ẹlẹ́yẹlé àti Challenge. Ìkẹfà wà nílé fún ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjà rírà

Àpótí kọ̀ọ̀kan gba pátákó ESP32 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó máa darí rẹ̀), rédíò LoRa kan (tó ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó jìnnà), sẹ́ńsọ̀ BME280 tó ń ka ooru, ọ̀rinrin àti ìfúnpá afẹ́fẹ́, aago DS3231, mẹ́mọ́rì káàdì àti ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, bátìrì 18650 kan pẹ̀lú pátákó TP4056 tó ń gba iná sí i, àti sólà kékeré oní fóòtì (volt) 6. Ẹ fi àpótí ike funfun tó ní ìdérí kún un, àwo ike funfun mẹ́fà mẹ́fà, wáyà, skúrù àti gọ́ọ̀mù. Ẹ rí i pé rédíò LoRa tí ẹ rà jẹ́ irú kan náà: bí ọ̀kan bá jẹ́ 433 MHz tí èkejì sì jẹ́ 868 MHz, wọn kò ní gbọ́ ara wọn títí ayé.

Méjì nínú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n fi máa ń rẹ́ èèyàn jẹ. Àkọ́kọ́ ni BME280. A ra mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn jáde ní BMP280, èyí tí kò lè ka ọ̀rinrin rárá, bẹ́ẹ̀ orúkọ BME ni wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo irin funfun kékeré tó wà láàárín pátákó náà. Ti BME280 dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mìlímítà 2.5 sí 2.5. Ti BMP280 gùn díẹ̀ níhà kan, 2 sí 2.5. Bí ojú yín kò bá dá a mọ̀, ẹ so ó mọ́ ESP32, kí ẹ sì ka ojúlé 0xD0 nínú rẹ̀: BME á dáhùn 0x60, BMP á dáhùn 0x58. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, bó bá ṣeé ṣe.

Èkejì ni bátìrì. Èyí tí wọ́n bá kọ 9900 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí 18650 kan tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára kì í sábà ju 2000 sí 3500 lọ.

Kò sí nǹkan ìtìjú nínú kí nǹkan kéré kó sì wọ́pọ̀. Hẹlikọ́pítà Ingenuity, tó kọ́kọ́ fò ní Máàsì ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2021, rédíò Zigbee ló fi bá Perseverance, ọkọ̀ tó gbé e débẹ̀, sọ̀rọ̀, irú rédíò kékeré tí wọ́n ń lò nínú gílóòbù àti súìṣì ilé ìgbàlódé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1978 ẹ̀wẹ̀, Amẹ́ríkà ju ẹ̀rọ mẹ́rin sínú afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Fínọ́sì (Venus) lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ńlá kan àti kékeré mẹ́ta. Àwọn kékeré kò ní páráṣúùtì. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, èyí tó bọ́ sí apá tó jẹ́ ọ̀sán, forí balẹ̀, ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti orí ilẹ̀ tó gbóná bí ààrò fún ìṣẹ́jú 67. Inú mi máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò iná

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Máàsì ti ń kú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣe é.

ESP32 tó lajú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru á máa jẹ nǹkan bí 80 mA (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Bátìrì 2500 mAh pín sí 80, wákàtí 31 ni. Ẹ gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú dáadáa ó ti kú. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kó máa sùn. Ká ní ó ń jí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ní 50 mA: 50 pín sí 60, kò pé 1 mA. Ẹ fi ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ń sùn kún un, ẹ pè é ní 1 mA lápapọ̀. Ìyẹn ni 24 mAh lójúmọ́. Bátìrì kan náà tó kú ní wákàtí 31 á wá gbé yín tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lórí ìwé. Ẹ gé e sí méjì nítorí bátìrì kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó ṣì kọjá ọjọ́ 30, sólà kò tíì dá sí i.

Àmọ́ ìṣirò yìí kò ní bá a mu lórí ọ̀pọ̀ pátákó ESP32 tí wọ́n ń tà. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn lórí pátákó náà kì í sùn. Òun nìkan lè jẹ ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Ẹ fi irin ìyọ́lẹ́ẹ̀dì yọ ọ́ kúrò. Ẹ so mítà mọ́ ọn, kí ẹ wo ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ń sùn. Tó bá ju 1 mA lọ, ẹ wá ohun tó ń jẹ ẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí àpótí ṣe máa ronú, tó sì máa sọ̀rọ̀

Ètò inú rẹ̀ kò gùn. Kó jí, kó ka ìfúnpá, ooru àti ọ̀rinrin, kó kọ aago mọ́ ọn, kó padà sùn. Ní ìparí wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó kọ gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aago tó wà nínú ESP32 fúnra rẹ̀, torí bó bá ti ń sùn, ó lè ṣáájú tàbí kó rẹ̀yìn ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú láàárín ọjọ́ kan. DS3231 kì í ṣì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ láàárín ọdún kan. Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aago ṣe pàtàkì tó sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Bí aago Ẹlẹ́yẹlé bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀yìn, ìjì yín á yára lórí ìwé ju bó ṣe yára lójú òfurufú.

Ẹ̀rọ tó wà lórí ilẹ̀ Máàsì kì í bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ó máa ń kó ọ̀rọ̀ jọ de ìgbà tí sátẹ́láìtì tó ń yí Máàsì po bá gba òkè orí rẹ̀ kọjá, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìgbà díẹ̀ lóòjọ́. Ohun tó bá fún un ni sátẹ́láìtì máa ta sí wa, ìyẹn náà á sì rìn fún ìṣẹ́jú 3 sí 22 kó tó dé ayé, gẹ́gẹ́ bí Máàsì bá ṣe jìnnà tó. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àpótí Òkè Ààrẹ ni sátẹ́láìtì wa, torí pé ó wà lókè, nítòsí ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Láyípo, níbi tí èèyàn ti lè rí ìlú láti ìhà gbogbo. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, àti bẹ́ẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, ni rédíò rẹ̀ máa ń ṣí etí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan má baà já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnì kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù ni Òkè Ààrẹ fi ń ta gbogbo rẹ̀ sí wa ní Bódìjà.

Ohun tí LoRa lè gbé lẹ́ẹ̀kan kò ju báìtì 255 lọ. Ìwọ̀n ìfúnpá 60 fún wákàtí kan, báìtì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 120 ni, ó wọlé. Ooru àti ọ̀rinrin, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní wákàtí ránṣẹ́. Kíkún rẹ̀ á wà lórí káàdì. Lórí SF7, ọ̀kan nínú ìwọ̀n bí LoRa ṣe ń yára sọ̀rọ̀, 120 báìtì kì í gbà ju ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lórí SF10 á gba nǹkan bí 1.2, ṣùgbọ́n á jìnnà ju ìyẹn lọ. A lo SF10 fún Ẹlẹ́yẹlé àti Challenge, SF7 fún Bódìjà, a sì jẹ́ kí Òkè Ààrẹ máa yí padà bí ó bá ti kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan pàtàkì kan tún wà: àpótí kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ sí èyí tó ti dé àfi tí Òkè Ààrẹ bá dáhùn pé òun gbọ́. Tí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kó tọ́jú rẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ sì fún un ní agbára láti jí ara rẹ̀. ESP32 ní aago kan nínú tó ń ṣọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá há sí i lọ́rùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á pa á, á sì tún un tàn. Ẹ lò ó. Kò ní sí ẹni tó máa lọ tẹ bọ́tìnì fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo wọn síbi kan

Ìwé tí àwọn tó ṣe BME280 kọ sọ pé ìfúnpá tó bá kà lè fi 1 hPa (ẹ̀yọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) ṣì sókè tàbí sílẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà lórí tábìlì kan náà lè ta ko ara wọn. Kò túmọ̀ sí pé wọn kò dáa. Bí wọ́n ṣe ń tọ ìyípadà lẹ́yìn dára gan-an. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni kò bára mu. Nítorí náà, ẹ to gbogbo wọn sórí tábìlì kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìlà, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan ṣe olórí, kí ẹ sì kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ju olórí lọ tàbí fi dín sí i. Ní tiwa, ti Challenge fi 0.7 hPa ga ju olórí lọ. Ẹ má ṣe ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú àpótí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fìyà jẹ wọ́n. Ẹ kó wọn sínú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ da omi lé wọn lórí láti òkè, ẹ da á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jù wọ́n sílẹ̀ láti orí àga. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni lẹ́yìn tí èèyàn ti jókòó yọ́ lẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ rántí Deep Space 2. Ẹ̀rọ kéékèèké méjì ni, Amundsen àti Scott, tó yẹ kí wọ́n gún ilẹ̀ Máàsì wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1999. A kò gbọ́ ohùn wọn rí, títí dòní. Àwọn tí NASA ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé wọn kò dán ẹ̀rọ méjèèjì wò tó kí wọ́n tó rán wọn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbé e kalẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àwọn onílé

Sẹ́ńsọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí pẹ̀lú bátìrì, torí ooru bátìrì ló máa kà. Ẹ gbé e sábẹ́ àpótí, láàárín àwo ike funfun tí ẹ tò léra wọn, tí ẹ sì fi skúrù gùn já, kí àlàfo tó tó ìbú ìka kan wà láàárín àwo méjì. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ kọjá, oòrùn àti òjò kò ní kàn án. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wé àlàfo náà yíká. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, bíi mítà kan ààbọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sórí páànù: nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, àpótí kan wà lórí òrùlé, ó sì ń sọ fún wa pé ìlú gbóná tó dígírì 47 lọ́sàn-án. Páànù ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Ẹ má sì gbé nǹkan kan kọ́ sílé onílé láìbéèrè. Ní Ìbàdàn, àpótí àjèjì tó rọ̀ mọ́ igi kì í dákẹ́ lásán lójú ẹni tó bá rí i. Ẹlòmíràn á rò pé kámẹ́rà ni, ẹlòmíràn á rò pé àálè ni. Ìyá àgbà kan ní Ẹlẹ́yẹlé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó tẹ́tí sí i, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ohùn wa lẹ fẹ́ máa fi èyí gbọ́?” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìbẹ̀rù, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀, ó ní, “Rárá mà, afẹ́fẹ́ ló ń gbọ́. Tí òjò bá ń bọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀.” Màmá ní eékún òun náà máa ń mọ̀ tí òjò bá ń bọ̀, kó máa bọ̀ ká jọ máa wò ó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọdé tó lè súnmọ́ àpótí yẹn nínú ọgbà náà.

Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí níwájú onílé, ẹ fi inú rẹ̀ hàn án. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ ní Yorùbá gàdàgbà pé: “Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni èyí. Kò ní kámẹ́rà, kì í gba ohùn sílẹ̀.” Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín àti ọjọ́ tí ẹ máa wá gbé e kúrò.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ 30

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ òfin ikú sílẹ̀. Bí InSight ṣe lọ nìyí: eruku bo sólà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, agbára rẹ̀ ń dín kù, títí ó fi dákẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, wọ́n sì kéde pé iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bí wọ́n ṣe pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Tiwa ni pé àpótí tí a kò bá gbọ́ nínú àkókò mẹ́rin tó tẹ̀ léra, òkú ni, ẹ ṣírò láìsí i. Tí ẹ kò bá kọ èyí ṣáájú, ọkàn yín á máa fà yín lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe tiyín nígbà ọyẹ́, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ eruku yìí lójú ara yín: fóòtì bátìrì ọ̀sán á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpótí Bódìjà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ní ọjọ́ 11, ọ̀rinrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Ní gbogbo àpótí yòókù, ọ̀rinrin máa ń ga láàárọ̀, á lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú, á tún gòkè lálẹ́. Ti Bódìjà dúró sókè láti àárọ̀ di alẹ́. Ooru rẹ̀ ń dé pẹ́: bí àwọn yòókù bá ti tutù nírọ̀lẹ́, òun ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ kò ní wàhálà kankan, ó ń bá ti àwọn yòókù lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ibẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibi tí a jókòó sí. A kò lọ. A pín sí méjì, a ń jiyàn. Àwọn kan ní sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní tó bá bàjẹ́, kí ló dé tí ìfúnpá ṣì péye? Òun ló wá sọ ọ́ pé nǹkan kan ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ ò lè wọlé kíákíá, ṣùgbọ́n ìfúnpá lè gba ihò tó kéré jù lọ wọlé. A kọ ọ́ sínú ìwé, a fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ 31 tí a ṣí i, agbọ́n alámọ̀ ti fi amọ̀ di gbogbo àlàfo àárín àwo náà pa, ilé mẹ́rin léra wọn, ó gbẹ gan-gan-gan. Ìdí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbá amọ̀ náà mọ́wọ́ bí ẹni gbá wúrà mú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíka ohun tí ẹ kó jọ

Ẹ yọ ìyàtọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ karùn-ún kúrò nínú nọ́ńbà gbogbo, kí ẹ wá ya ìfúnpá ọjọ́ márùn-ún tí òjò kò rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí yóò yà yín lẹ́nu: afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ń mí. Lójoojúmọ́, ìfúnpá máa ń gòkè dé góńgó ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á relẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á tún gòkè ní aago mẹ́wàá alẹ́, á tún relẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Oòrùn tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ló ń fà á, bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun. Kò ju hPa méjì tàbí mẹ́ta lọ, ara kò lè mọ̀ ọ́n. Máàsì náà ní irú rẹ̀. Ìfúnpá ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, ṣùgbọ́n tí a bá fi ìmí ọ̀hún wé ìfúnpá ibẹ̀, ó lágbára jù tiwa lọ. Bí àpótí yín kò bá fi ìmí yìí hàn, ẹ má tíì wá ìjì kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá àṣìṣe.

Òkè Ààrẹ á máa ka ìfúnpá tó kéré sí ti àwọn yòókù ní gbogbo ìgbà. Gíga ló fà á: ní tòsí ilẹ̀, nǹkan bí mítà 9 la fi ń gòkè kí 1 hPa tó dín. Ẹ lè fi ìyẹn ṣírò bí òkè náà ṣe ga ju ibòmíràn lọ láìfi okùn wọ̀n ọ́n.

Ìjì ló kù. Bó bá ti ń dé, afẹ́fẹ́ tútù tó ń ṣáájú òjò á mú kí ìfúnpá fò sókè lójijì, ooru á sì já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá ìṣẹ́jú tí fífò náà bẹ̀rẹ̀ ní àpótí kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ní 4:12 ní Ìwó Road, ó sì dé Ẹlẹ́yẹlé ní 4:22. Ibẹ̀ sí ibẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 8. Kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú 10, kìlómítà 48 ní wákàtí nìyẹn. Àmọ́ ìyẹn jẹ́ òótọ́ tí ìjì bá gba ìlà tó so méjèèjì tààrà. Ẹ wo Bódìjà àti Challenge: tí ọ̀kan bá gbọ́ ọ ṣáájú èkejì, ìjì náà wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ya máàpù, ẹ kọ ìṣẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi rúlà fa ìlà gba ibi tí ìṣẹ́jú bá ti dọ́gba kọjá. Ìjì ń rìn ní ìbú ìlà náà. Ẹ ṣe é fún ìjì mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó gba ara yín gbọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó àpótí wálé, ẹ má tíì tú wọn. Ẹ tò wọ́n padà sórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ní ìlà kan náà, fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, kí ẹ sì tún ìyàtọ̀ wọn kọ. Ti Challenge tó jẹ́ 0.7 nígbà tó ń lọ di 0.9 nígbà tó dé. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbájáde yín.